Awò Ìbọn Bàbá Mi

Ìró kékeré kan ló kó bá mi lọ́sàn-án Sátidé: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Kàsímù, ọmọ obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé mi ní Thamesmead nílùú òyìnbó níbí, ló dúró lójú fèrèsé mi tó kọjú sí adágún Southmere. Ó gbé awò ìbọn tuntun kan sójú, ó ń yí bọ́tìnnì orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Awò lásán ni o, kò tíì sí ìbọn nídìí rẹ̀. Síbẹ̀, bí ìró yẹn ṣe wọ̀ mí létí, ńṣe ni mo da tíì gbígbóná sí ara mi lẹ́sẹ̀.

"Uncle, wá wo ọkùnrin tó wà lódì kejì yẹn," ni Kàsímù ń wí. "Mò ń rí eyín rẹ̀!"

Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. "Ẹ" kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ àfi tó bá ń wá nǹkan. Nígbà tó wá di pé, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáìnì fọ́ọ̀mù yìí," mo mọ̀ pé ó ti dé ibi tó ń lọ. Ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí pépà láti ọ̀nà jíjìn, ó sì fẹ́ máa lọ pa àgbọ̀nrín ní Scotland. Kí wọ́n tó lè fún un ní ìwé àṣẹ ìbọn, èèyàn méjì tí kò bá a tan gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ níbi tó ti ń wa bọ́ọ̀sì ti sáìnì. Ó ku èmi.

Ó ṣàlàyé awò náà fún mi bí ẹni ń ta mọ́tò. Tó bá jẹ́ pépà ló fẹ́ yìn, á fà á mọ́ra títí yóò fi máa rí ihò tó wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹran ni, á dín in kù kí igbó tó yí ẹran náà ká lè wọlé. Bọ́tìnnì yìí ló ń gbé ọta sókè sódò, ó sì gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti kúrò géérégé.

"Fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀," ni mo wí. "Ó di ìgbà tí mo bá rí ọ nídìí ìbọn."

Ó rò pé mò ń ṣe fáàrí àgbà ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rù tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó dàgbà ju Kàsímù lọ dáadáa.

Agbo ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé kan lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ìbọn ló kọ́ sára ògiri wa bí aago ṣe ń kọ́ sára ògiri àwọn ẹlòmíràn. Gbogbo ilé a máa rùn fún ètù, fún ẹran gbígbẹ, àti fún epo tí wọ́n fi ń nu irin. Ìbọn ayé ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dún. Tí ọdẹ bá yìn ín tán, á tún rọ ètù sí i, á ki èérún aṣọ bọ̀ ọ́, á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, á wá kó ọta wẹ́wẹ́ sí i. Kó tó ṣe tán, ọmọdé á ti jẹ ẹ̀kọ méjì, á tún ti lá ewé rẹ̀.

Ìbọn tuntun kì í wọ igbó láìjẹ́ pé a dán an wò. Èmi àti Ràímì ọ̀rẹ́ mi la máa ń gbé ìbẹ́pẹ lórí kùkùté lódì kejì odò, a ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú kòtò. Bí ìbọn bá ti dún báyìí, a ó sáré jáde lọ ka ihò ara ìbẹ́pẹ, a ó pariwo iye rẹ̀ fún àwọn ọdẹ. Adájọ́ ni wá! Ràímì ló máa ń kọ́kọ́ dìde. Èmi, mo máa ń ṣe bí ẹni ń wá sálúbàtà mi títí á fi débẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, bàbá mi ra ìbọn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Ọlọ́ta márùn-ún ni, awò sì wà lórí rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá mi fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń yí bọ́tìnnì awò yẹn, kẹ́, kẹ́, kẹ́, tí inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tó rí fèrè. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé lọ́rì tó gbé e wá ti gbọ̀n ọ́n kúrò lójú ọ̀nà. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ojú kì í kan awò.

Lọ́jọ́ ìdánwò, a gbé ìbẹ́pẹ síbi tó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi fi ojú mọ́ awò bí ẹni ń yọjú wo ihò ilẹ̀kùn, ó sì yìn ín. Ìbọn náà ta padà, etí awò gé e lókè ojú, ẹ̀jẹ̀ bò ó. Ìbẹ́pẹ kò tilẹ̀ mira. Ẹ̀rín àwọn ọdẹ sọ dé inú kòtò wa.

"Ojú ara rẹ lo yìn!" ni bàbá Ràímì ń pariwo. "Ẹ bá mi kí ìbẹ́pẹ kú ewu!"

Ràímì dìde. "Jẹ́ ká lọ wò ó."

"Dúró ná."

"Ojo! Kí wọ́n tó ki ètù, a ti padà."

Ó sáré jáde. Mo wá sálúbàtà mi. Ẹsẹ̀ mi ló wà.

Bàbá mi kò ki ètù kankan. Ìtìjú ti mú un, ẹ̀jẹ̀ wà lójú rẹ̀, ìbẹ́pẹ nìkan ló sì ń rí nínú ihò kékeré yẹn. Ó fa irin ìbọn sẹ́yìn, ó tì í padà, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ràímì ṣubú lé kùkùté bí ẹni tí wọ́n fi òkúta sọ. Mo fà á. Ihò iwájú àyà rẹ̀ kò ju orí ìka lọ, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, ìkúùkù mi ì bá wọ ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná tú sí mi lẹ́nu. Ó wò mí bí ẹni tí mo rẹ́ jẹ, ó sì kú.

Bàbá Ràímì ló kọ́kọ́ la odò kọjá. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀, ó gba ìbọn náà lọ́wọ́ bàbá mi tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ lù ú lẹ́nu, ó tún lù ú, eyín ń já sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Bàbá mi kúnlẹ̀, kò gbé ọwọ́ sókè. Apá rẹ̀ kan ṣẹ́, ó dún bí igi gbígbẹ, síbẹ̀ kò gbé ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá Ràímì gbé awò náà lé orí àpáta, tó fi òkúta fọ́ ọ títí dígí rẹ̀ fi di iyanrìn.

Wọ́n ní ẹ̀rù mi ló gbà mí là. Bóyá. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí ni mò ń rò nínú mọ́tò Kàsímù nígbà tó gbé mi lọ sí pápá ìyìnbọn wọn, lẹ́yìn Dartford. Wọ́n so awò rẹ̀ mọ́ ìbọn ẹgbẹ́. Ó yìn márùn-ún, ó yí bọ́tìnnì, ó yìn márùn-ún mìíràn, ó yí i padà. Márùn-ún ìkẹyìn ló yẹ kó bọ́ sójú ihò àkọ́kọ́. Méjì péré ló ti yìn níbẹ̀ tí bàbá òyìnbó kan tó ń fi awò gígùn wo pépà fi bú sẹ́rìn-ín.

"Bro, ta ló ń yìn? Pépà tèmi lò ń bá jà!" Ohun tí Kàsímù túmọ̀ fún mi nìyẹn.

Mo ń wo ìka Kàsímù. Ó yọ ọ́ kúrò nídìí ìbọn. Ó gbé orí sókè, ó ṣí ikùn ìbọn náà, ó kó ọta mẹ́ta tó kù sílẹ̀, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

"Uncle, irọ́ ni awò yìí ń pa. Kì í padà síbi tó ti kúrò. Mo máa dá a padà fún wọn."

Obìnrin tó ń darí ibẹ̀ kígbe. Gbogbo wọn fi ìbọn sílẹ̀, wọ́n sún sẹ́yìn, obìnrin náà ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ síwájú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan pẹ̀lú ohùn gooro, òun ni a kò ní lábúlé wa. Ní Woolwich, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọta láyé ọjọ́un, kọfí ni wọ́n ń tà báyìí. Àmọ́ ọta kò yí padà, ìtìjú ọkùnrin kò sì yí padà.

Kàsímù ń lọ wo pépà rẹ̀. Mo ní kó dúró dè mí. Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo ní eékún ló ń dùn mí. Irọ́ ni. Ọgọ́rùn-ún yáàdì ni ibẹ̀, mo sì rìn ín bí ẹni ń rìn lórí omi, mò ń wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo fi ìka bọ ihò kan, mo sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò ẹ̀yìn kò tóbi ju ti iwájú lọ. Pépà ni.

"Mú fọ́ọ̀mù rẹ wá," ni mo wí.