Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ọmọ Tó Ń Fa Táyà

Ọdún tí ìjì ká páànù orí ilé wa lọ sínú àgbàdo àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ni mò ń sọ yìí. Àìsàn tó mú kí gbogbo ayé máa bo imú ti kọjá, ó ti tó bí ọdún méjì. Ẹni tó bá rí ìjì yẹn ní Ṣábẹ á mọ ìgbà tí mò ń wí. Ẹni tí kò bá rí i, kó ṣáà gbà pé kò tíì pẹ́.

Ọdún náà ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin, èyí tó ń sáré ìje ní Kútọnu, wá lo fákáǹsì lọ́dọ̀ mi. Ìje ti parí, ó sì ku oṣù méjì kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi rò pé ó wá sinmi ni. Mo ti ní i lọ́kàn pé màá fún un níyán jẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fi yọ. Àfi bó ṣe fa ìwé kan yọ nínú báàgì, iṣẹ́ tí mùsíyé tó ń kọ́ wọn ní eré sísá fún un ló wà níbẹ̀. Sáré gun òkè. Gbé àpò yanrìn lé èjìká, bẹ̀rẹ̀, dìde, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kó o tún un ṣe. Fa ohun tó wúwo.

"Ṣé ìsinmi nìyí?"

"Ìyá àgbà, ìgbà yìí gan-an la fi ń kọ́ ara. Bí ìje bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sáyè mọ́."

Ó ní bí wọ́n bá ti ní kí àwọn máa lọ, òun ló máa ń kẹ́yìn. Itan òun ò lágbára tó láti gbé òun kúrò nílẹ̀ kíá, ó di àárín ọ̀nà kí òun tó máa lé wọn bá. Mùsíyé sì ti sọ pé bí wọ́n bá padà, òun á dán gbogbo wọn wò. Ẹni tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò bá yá sí i, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ̀.

Òkè ò wọ́n wa ní Ṣábẹ. Ohun tó wúwo ló kù. Ó lọ tọrọ àlòkù táyà kámíọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ó kó òkúta sí i, ó so okùn mọ́ ọn, ó so ìdí okùn mọ́ ìbàdí. Láràárọ̀ ló ń wọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí máńgòrò, á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ forí kanlẹ̀, òógùn á máa ro. Èmi á jókòó, màá máa bó ẹ̀gẹ́, màá máa kígbe pé, "Tún un ṣe! Ó ku mẹ́ta!"

Ẹ wo bó ṣe máa rí lójú ẹni tó ń kọjá lọ.

Ìyàwó Àlájì ilé kejì ló kọ́kọ́ wọlé. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀. "Ìyá wa, ẹ forí jì í. Ohun yòówù tó ṣe, ọmọdé ni." Mo ní kò ṣe nǹkan kan. "Mo mọ̀ pé inú ló ń bí yín." Mo ní ara ló fi ń dá yá. Ó wo ọmọ, ó wo táyà, ó wò mí. "Ìdárayá wo ló ní òkúta nínú, ìyá?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé ọmọ yẹn jalè ní Kútọnu. Àwọn kan ní oyún ni. Oyún! Ẹni tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́! Ìwọ tó ò ń bá mi kọ ìtàn yìí, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má yọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, olórí ẹbí wa fúnra rẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ mi ni, ó sì ń pè mí ní ìyàwó títí di òní, pẹ̀lú gbogbo eyín tó ti ká lẹ́nu mi.

"Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́ lórí ọmọ yìí."

Nínú agbo ilé wa, bí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀ ọ́ lórí ọmọ, o ò gbọdọ̀ kọ̀, o ò sì gbọdọ̀ máa ro ẹjọ́. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. "Ó ti tán, Bàbá." Ló bá ní kí wọ́n yí táyà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun, ó sì fi ṣe ìjókòó.

Ọmọ bú sẹ́kún. "Ìyá àgbà, ẹ ti pa mí! Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré kí mùsíyé dán wa wò. Kí lẹ ń forí ẹ̀ jì mí? Mi ò ṣẹ̀ yín!"

Mi ò lè lọ bá Bàbá pé mo da ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nù, mi ò sì lè wo ọmọ kó máa sunkún. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo dá odó ńlá wa dùbúlẹ̀, mo so okùn mọ́ ọn, mo so ó mọ́ ìbàdí ara mi. Mo fà. Odó ò mira. Mo tún fà, ó yí díẹ̀, ìró mi fẹ́ tú. Ọmọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyàwó Àlájì yọjú, ó pariwo, ó sáré lọ pe olórí ẹbí.

Bàbá dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìyàwó! Ta lo ṣẹ̀?"

"Mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ó wù mí ni."

"Odó ló wù ọ́ láti fà?"

"Bí táyà ṣe wu ọmọ yẹn nìyẹn. Ẹ bi í."

Látìgbà tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó bi ọmọ ní nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, èmi ni mo wá táyà náà fúnra mi. Bí mi ò bá fà á, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi." Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó sáré, ó já lọ. Bàbá ń fi ojú tẹ̀ lé e títí ó fi padà dé.

"Ẹ lọ yí táyà yẹn wá. Ṣùgbọ́n ìyàwó, wàá wá àga fún mi."

Àgbàlá wa ló wá ń gbé àga náà kalẹ̀ sí láràárọ̀. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ di ọ̀gá. "Tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i! Ẹsẹ̀ òsì yẹn ń ṣọ̀lẹ!" Ó tiẹ̀ fi òkúta kan kún un. Bí ẹnì kan bá wọlé wá kúnlẹ̀, á ní, "Dìde, jàre, èmi ni mo rán an." Ọjọ́ tí ìwé bá ní kí ọmọ sinmi, ojú rẹ̀ á fà ro.

Nígbà tí ọmọ padà sí Kútọnu, ó tó ọjọ́ mẹ́rin ká tó gbóhùn rẹ̀. Nígbà tó pè, igbe ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mùsíyé ti dán wọn wò, ẹnì kan ṣoṣo ló yá jù ú lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ipò rẹ̀ ò bọ́. Mo gbé fóònù fún Bàbá. Ó ní, "Ta lẹni tó yá jù ọ́ yẹn? Táyà mélòó lòun fà?"

Nígbà tí àwọn ọmọ mi wá pé jọ, tí ìyá ọmọ náà wà láàárín wọn, mo sọ fún wọn pé èmi náà jẹ̀bi. Mo fi "Ó ti tán" dá Bàbá lóhùn lórí ohun tí kì í ṣe tèmi, mi ò tiẹ̀ wo ojú ọmọ. Mo ní bí àgbà bá wá bẹ̀ yín lórí ọmọ, ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, àmọ́ kí ẹ tó dáhùn, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè.

Ọmọkùnrin mi ní, "Tó bá wá sọ pé ìyà ni à ń fi jẹ òun ńkọ́, Ìyá?"

Mo ní, "Nígbà náà, ìwọ ni kó o bẹ ọmọ."