Ọkọ Ni àbí Ọkọ̀?

Tí o bá bá mi pàdé níbi iṣẹ́, o lè rò pé mi ò lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan lọ́nà Agége ni mo wà, níbi tí èmi àti àwọn obìnrin mìíràn ti ń to bísíkíìtì sínú páálí. Àwọn ń sọ̀rọ̀, èmi ń gbọ́. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ orin àti ìwé àwòrán, mo mọ èyí tó dára, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni kó gbà mí gbọ́.

Orin tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ọmọbìnrin ìsinsìnyí tí wọ́n ń fi Yorùbá àti pijin kọrin ìfẹ́, tí wọn kì í pariwo. Má fi irú orin bẹ́ẹ̀ fọṣọ o. Jókòó tì í. Jẹ́ kó dé ibi tí ìlù ti máa dúró, tó máa ku ohùn nìkan. Orin tí kò bá lè dá dúró níbẹ̀, yọ ọ́ kúrò lórí fóònù rẹ.

Ní ti ìwé àwòrán, èyí tó ń sọ nípa àwọn tó ń rìnrìn àjò láàárín ìràwọ̀ ni tèmi. Mo máa ń rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù ní Maryland. Ìwé tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kan bá wúwo jù, àwòrán máa ń bá mi gbé e. Èyí tí mo máa kọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni ni ti ọmọbìnrin kan tó ń jó irin, tó fi àlòkù jẹnẹrétọ̀ ṣe ọkọ̀ òfúrufú, tó ń wá ìyá rẹ̀ lọ sínú òṣùpá.

Ọmọ Èkìtì kan ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹgbẹ́ ni wá. Mo fẹ́ kó di ọ̀rẹ́ mi, mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan tó rí mi ní bírèkì tí mo ń gbọ́ orin, tí mo sì ń kàwé, ó ní kí n fún òun ní nǹkan gidi kà. Mo fún un ní ìwé náà.

Nígbà tó di bírèkì ọjọ́ kejì, ó dìde, ó ń kà á sókè fún gbogbo wa: "'Ọkọ rẹ ti dé. Tètè wọ inú rẹ̀!'"

"Kí ó wọ inú ta ni?" Màmá tó jẹ́ àgbà wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, gbé oúnjẹ sílẹ̀. "Àsìtàfíríláì! Ọkọ wo ni wọ́n ń wọ inú ẹ̀?"

"Ẹ wò ó, Màmá, òun rèé," ni ọmọ Èkìtì wí, ó fi àwòrán hàn án.

Nǹkan gíga kan ló wà nínú àwòrán náà, ó ní ẹsẹ̀ irin, fèrèsé rẹ̀ méjèèjì dà bí ojú.

"Kò tiẹ̀ wá rẹwà," ni Màmá wí.

"Àwọn jẹ́jẹ́ yìí gan-an ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́," ni ẹlòmíràn wí, ó nàka sí mi. Ẹ̀rín sọ.

Ẹ̀rín yẹn kọ́ ló dùn mí. Ọmọ Èkìtì ti pa ìwé náà dé, ó ń nà án sí mi bíi pé ìdọ̀tí ni. Mo mọ̀ pé tí mo bá dákẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó tẹ ìwé náà kò fi àmì ohùn kankan sí i. "Oko re ti de" ló kọ síbẹ̀, kí oníkálukú máa fi ohùn tirẹ̀ kà á.

"Ọkọ̀ ni!" Ohùn mi ga ju bí mo ṣe rò lọ. "Ọkọ̀ òfúrufú! Ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀! Kò sẹ́ni tó ń gbéyàwó níbẹ̀!"

Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ó yá, ìwọ ni kó o kà á," ni Màmá wí. "Gbà á lọ́wọ́ òponú yìí."

Mo gbà á, mo kà á. Ibi tó le, mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Nígbà tí ọkọ̀ náà gbéra, kò sẹ́ni tó ń jẹun mọ́.

"Ṣé ó máa rí ìyá ẹ̀?" ni Màmá bi mí.

"Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná, mà."

Aago lù, wọ́n pòṣé. Bí a ṣe ń padà sídìí páálí, ọmọ Èkìtì fi èjìká tì mí. "Má bínú jàre. Mo ti ń káàánú ọmọ inú ìwé yẹn pé irin ni wọ́n fún un ní ọkọ. Ibo lò ń gbé?"

"Onígbòǹgbò."

"Dúró dè mí tá a bá ṣíwọ́. Mú orin ẹ dání o."

A jọ rìn dé ibi tí a ti ń wọkọ̀. Ó ní orin tí mo yàn fún òun falẹ̀ jù. Mo ní kó gbọ́ ọ dópin ná kó tó dájọ́.