Fóònù Alága Kéré

Nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Kàbà pinnu pé àwọn náà yóò ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Mo ti kọ́ iṣẹ́ náà ní Lọ́kọ́ja kí n tó padà wálé. Bí n kò tilẹ̀ kọ́ ọ, ẹni tó bá ti lè mú kí fóònù tó kú tún tàn, ògbóǹtarìgì ni lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wa. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fóònù kan ránṣẹ́ sí i, ó fẹ̀ bí àwo ìyán. Bí wọ́n bá pè é, kì í tètè gbé e, kí gbogbo wa lè rí i dáadáa.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa kò lágbára, fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbó. Nítorí náà mo kọ ìkànnì náà kí ó máa béèrè orúkọ lọ́wọ́ fóònù kọ̀ọ̀kan kó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Bí fóònù bá dárúkọ fóònù ńlá, yóò rí àwòrán òkè wa àti fídíò. Bí ó bá dárúkọ kékeré, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò rí, pẹ̀lú gbólóhùn kan tí mo kà sí ìwà ọmọlúàbí: “Ẹ má bínú, fóònù yín kéré. Ẹ fara mọ́ èyí.”

Lọ́jọ́ tí a ṣí i, gbọ̀ngàn ìlú kún, àlejò tilẹ̀ ti Ẹ̀gbẹ̀ wá. Pásítọ̀ gbàdúrà, àfáà gbàdúrà, mo sì fi dátà tèmi ta gbogbo ilé lọ́rẹ. Alága ní kí oníkálukú yọ fóònù.

“Tèmi ti ṣí!” Ìyàwó alága ló pariwo. Fóònù tirẹ̀ ti sán, rọ́bà ló fi dè é. Ayédèrú ni, ṣùgbọ́n orúkọ fóònù olówó ńlá ni àwọn tó ṣe é fún un, ìkànnì mi sì gbà á gbọ́. “Ẹ wo òkè wa!”

Alága tẹjú mọ́ tirẹ̀. Akọ̀wé tó jókòó tì í na ọrùn, ó sì kà á sókè ketekete: “Ẹ má bínú, fóònù yín kéré.”

Ẹ̀rín bú.

“Ta ló kéré?” ni alága bi mí.

“Fóònù ni, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin.”

Ìyẹn kò tù ú nínú. Mo gba fóònù náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Áàpù tó fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò jẹ́ kó rí bó ṣe yẹ, irú èyí tí kì í jẹ́ kí dátà tètè tán. Ibikíbi tó bá dé, fóònù kékeré ló ń pe ara rẹ̀. Mo rò pé mo fẹ́ gba Bàbá sílẹ̀ ni.

“Fóònù yín ò kéré rárá, Bàbá. Áàpù tí ẹ fi ń ṣọ́ dátà ló purọ́ mọ́ ọn.”

Ìyàwó rẹ̀ dìde. “Dátà wo ni ẹ ń ṣọ́? Ṣebí ẹ ní dátà ti tán nílé, tí mi ò fi rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ mi láti Kérésì?”

Pásítọ̀ tún gbàdúrà.

Wọ́n yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ sì pàṣẹ pé kí n pa gbólóhùn mi rẹ́. Mo ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkànnì náà kì í béèrè orúkọ mọ́. Ohun tí fóònù lè ṣe ló ń wò báyìí: báwo lojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ṣé ó lè gbé fídíò? Èyí tí agbára rẹ̀ bá ká ni yóò fún un, kò sì ní sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ alága fún ìmọ̀ràn rẹ̀ tó jinlẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo rí ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé fóònù onírọ́bà náà sókè, ó ń kígbe kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí a ti ń kíni lọ́dọ̀ wa: “Okun o! Okun o!” Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá a lóhùn. Alága dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kó ṣe kíá kí dátà má baà tán.