Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Àbúrò Mi

Òórùn aṣọ gbígbóná ló jí mi. Mo yọjú sẹ́yìnkùlé wa ní Òṣogbo, mo rí Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, tó ń lọ ìlédìí àbúrò mi. Ìkùukùu òwúrọ̀ kò tíì ká, èéfín áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ sì ń rọra wọ inú ìkùukùu náà.

"Má fọwọ́ kàn án o! Ṣé o ti fọwọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́, mà."

"Pẹ̀lú ọṣẹ?"

Mo fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn.

"Ó yá, padà sídìí omi."

Oṣù àbúrò mi kò pé tí wọ́n fi bí i. Dókítà ti kìlọ̀ pé àìsàn kékeré lè gbé e lọ. Màmá mi wá ránṣẹ́ sí Yèyé ní Ọ̀tan-Ilé pé kó wá máa wẹ ọmọ, torí ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ tuntun nílé wa. Kí Yèyé tó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Old Garage, ikọ́ ti mú un.

"Ẹ wọlé wá gbọ́mọ yín, mà," ni màmá mi wí.

Yèyé fi ìborùn bomú, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Pẹ̀lú ikọ́ yìí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kó aṣọ ẹ̀ fún mi."

Ló bá ń fọ̀, ó ń sè, ó ń sá, ó ń lọ̀. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyá àgbà wo ni kì í gbọ́mọ. Tó bá dìrọ̀lẹ́, á dúró síta fèrèsé, á máa fi orin ìsìn rẹ ọmọ náà lẹ́kún, omijé á sì máa bọ́ lójú òun alára. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Lọ́jọ́ tí ikọ́ náà lọ pátápátá, Yèyé wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgunpá. Ó tún dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ṣé kí n wọlé?" Èmi ló ń bi.

"Ẹ jẹ́ n wo ọwọ́ yín ná, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo yí ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn. Omi ti jẹ́ kó hunjọ, ó ń ta sánsán ọṣẹ.

"Ó mọ́, mà."

Ó gbé àbúrò mi mọ́ àyà. "O ṣé o, ọmọ mi," ó rọra ní. "O dúró dè mí."

Ọdún ti gorí ọdún, Yèyé ti jáde láyé. Àbúrò mi ti ga jù mí lọ, òun náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Iléṣà. Ọ̀fìnkìn ń bá mi jà lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Nígbà tí mo wà níléèwé, mo rò pé ìmọ́tótó ò ju kí aṣọ ẹni funfun lọ; Yèyé ló kọ́ mi pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ tí ọmọ náà ń ké, ọwọ́ ń yún mi láti gbé e.

"Ẹ wọlé wá gbọ́mọ yín," ni àbúrò mi wí.

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Kó aṣọ ẹ̀ fún mi."