Síkẹ́ẹ̀tì Ìyá Ẹ-Tò-Síbẹ̀

Bó o lówó, bó ò lówó, tó o bá fẹ́ ránṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, wàá tò ni. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń pè é ní Ìyá Ẹ-Tò-Síbẹ̀. Látìgbà tí mo ti ń bá a ránṣọ, mi ò rí i kó fa ẹnì kan kọjá ẹnì kejì. Ìyàwó agbẹnusọ ìjọba pàápàá ti jókòó fajú ro lórí àpótí wa rí, tó ń dúró de obìnrin kan tó fẹ́ gé ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ kúrú.

Síkẹ́ẹ̀tì kan wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àgékù aṣọ àwọn oníbàárà lẹ̀gbọ́n mi fi rán an, kí ẹni tí tirẹ̀ bá wà lábẹ́ máṣíìnì lè rí nǹkan wọ̀. Iwájú rẹ̀ pupa, látinú aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò. Ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù olódòdó, látinú aṣọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, àgékù tó pọ̀ jù nílẹ̀ ló lò.

Lọ́dún kan, àjọ àgbáyé rán obìnrin kan wá láti ṣèwádìí ohun tójú àwọn èèyàn ń rí ní àtìmọ́lé. Ìyá oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tiwa, ti ń retí rẹ̀. Ọlọ́pàá ló mú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ ibi tó wà fún un. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ilẹ̀kùn ọkọ̀ fa síkẹ́ẹ̀tì olùṣèwádìí náà ya níwájú wa.

"Ẹ tò síbẹ̀, mà," lẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó tò. Nígbà tó kàn án, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì orí ìṣó, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dáhùn fóònù. Ẹnì kan yà á ní fọ́tò látòdìkejì títì.

Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò náà wà nínú ìwé ìròyìn. Agbẹnusọ ìjọba bọ́ sórí rédíò, ó ní obìnrin náà ń ṣègbè, aṣọ alátakò ló ń wọ̀ kiri, wọ́n á dá a padà sílé lọ́la. Ìyá oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fabẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wọ síkẹ́ẹ̀tì náà.

"Ẹ rora o," mo ní. "Ìyàwó agbẹnusọ ló ń gbéṣẹ́ wá fún wa jù."

"Ṣé ìyàwó wọn ló máa wá ọmọ oníbúrẹ́dì rí?"

Mo tẹ̀ lé e. Ní gbọ̀ngàn tí agbẹnusọ ti ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè tò. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn, ó rí ẹni tó gbọ́n bíi tirẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó bọ́ síwájú.

"Ẹ kúuṣẹ́, sà. Aṣọ tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò rèé. Èmi ni mo ni ín, èmi ni mo yá olùṣèwádìí yẹn wọ̀." Ó yípo. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó yín ló ní kí n máa mú àgékù rẹ̀."

Agbẹnusọ wo òdòdó ara búlúù náà, ó mọ̀ ọ́n. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, sà. Ẹni tó wo iwájú aṣọ nìkan ńkọ́?"

Agbẹnusọ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé kò yẹ kóun rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjọba á tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Bí àwọn ẹni ńlá ṣe ń sọ pé àwọn ti ṣubú nìyẹn. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyàwó rẹ̀ bínú sí wa títí, ìgbà tí aránṣọ mìíràn ba búláòsì rẹ̀ jẹ́ ló padà wá tò.

Lọ́jọ́bọ̀, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́ nígbà tí ìyá oníbúrẹ́dì dé. Ẹ̀gbọ́n mi dá máṣíìnì dúró.

"Ṣé wọ́n gbọ́ ẹ?"

"Wọ́n ní kí n pe orúkọ ọmọ mi. Mo pè é. Wọ́n ní kí n tún un pè, káwọn má baà ṣì í kọ." Ó nujú. "Gbogbo ọ́fíìsì tí mo ti ń lọ, wọ́n máa ń ní kí n dákẹ́ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fi àga tirẹ̀ gan-an fún un.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tò, ẹ má bínú," ó ní. "Ọ̀rẹ́ mi ló kàn."