Ẹni Kẹta Tó Ń Ka Caleb

Caleb àbúrò mi mọ kọ̀ǹpútà lò, ẹ má bá mi jiyàn. Òun ló ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì àtàwọn ilé ìwé ní Enugu níbí. Ohun tí kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Gbogbo ìparí oṣù ló máa ń kọ ọ́ sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tara rẹ̀: géèmù tó gbá, ìwé tó kà, ọgbọ́n tuntun tó rí nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí, ẹnì kan ò sì fèsì rí. Òǹkà tó wà níbẹ̀ fi hàn pé èèyàn mẹ́ta péré ló ń kà á. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹni kìíní. Èmi ni ẹnì kejì, torí ilé kan náà là ń gbé ní Achara Layout, kò sì ní jẹ́ kí n jẹun tí mi ò bá tíì kà á. A ò mọ ẹni kẹta. Caleb ní ọmọ Yorùbá kan tó mọyì ọgbọ́n ni, lókè òkun.

Yorùbá ló fi ń kọ ọ́. Ẹ mọ àwa tá à ń gbé ìlú yìí: tá a bá ti bọ́ sórí Yorùbá báyìí, a gbà pé ògiri ti yí wa ká nìyẹn. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ Gariki, a lè máa bú imú awakọ̀ títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Lóṣù kẹta, wẹ́ẹ̀bùsáìtì òtẹ́ẹ̀lì kan pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún Edith, ọ̀gá rẹ̀, ọmọ Ígbò, pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi sí iná ládùúgbò wa. Ọ̀gá bá a kẹ́dùn. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà tí wọn ó fi gbà á síṣẹ́ pátápátá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló ti ń retí rẹ̀.

Kí ni Caleb wá kọ níparí oṣù? "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníná. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, iná ò ṣẹ́jú. Mo fi parí géèmù àgbẹ̀ mi, mo ra màlúù méje. Mo tún ka ìwé kan. Ajá inú rẹ̀ kú, mo sunkún." Mo ní kó yọ ọ̀rọ̀ iná kúrò. Ó ní ta ló fẹ́ kà á.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Ti Caleb ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ Ẹtì, Edith pè é wọ ọ́fíìsì, lẹ́tà wà lórí tábìlì. Ó béèrè àlàáfíà màlúù méjèèje, Yorùbá ló sì fi béèrè, ti Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n bí i sí.

"Ajá yẹn ò kú," ni Edith wí. "Ó padà wálé lójú ìwé tó gbẹ̀yìn. O ò ka ìwé yẹn tán, Caleb."

Ó ní torí ohun tí Caleb kọ lòun ṣe lọ ra ìwé náà, tóun wá ń sunkún ajá tó wà láàyè. Ìyẹn dùn ún ju ti iná lọ. Ó ti lẹ́tà padà sínú dúrọ́ọ̀, ó ní ó di ìgbà tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì òtẹ́ẹ̀lì bá parí. Àbúrò mi wálé, kò lè jẹun. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín ná.

Ó wá kó sẹ́nu iṣẹ́. Níparí oṣù kẹrin, gbólóhùn méjì péré ló kọ: "Òtẹ́ẹ̀lì ti parí. Mi ò gbá géèmù kankan." Kò pẹ́ ni mo gbọ́ igbe, mo sáré jáde. Edith ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Òtẹ́ẹ̀lì dára, wá gba lẹ́tà rẹ lọ́jọ́ Ajé. Ti géèmù yẹn, irọ́ ni."

Mo kúnlẹ̀, mo ń dúpẹ́ nítorí lẹ́tà. Caleb ò tiẹ̀ rí ti lẹ́tà rò, omi ti lé rọ́rọ́ lójú rẹ̀.

"Àǹtí mi," ó ní, "wọ́n mà fèsì."