Kọ̀ǹpútà Tó Yẹ Kó Lu Agogo

Ó lé ní ogún ọdún tí bàbá mi ti ń lu agogo ìjọ wa ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ilé wa ní Kabong, nílùú Jos, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì náà: ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ dá ṣáká, ogún ìṣẹ́jú fún bàbá mi. Okùn agogo náà ti já tipẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe, nítorí náà òòlù ni bàbá mi fi ń lù ú, á sì kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kó tó dé ìdí rẹ̀. Ní àsìkò òjò tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn kẹsàn-án, ó fi ìbàdí balẹ̀. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn kankan mọ́, pé bó bá tún ṣubú bẹ́ẹ̀, ó lè má dìde mọ́. Bàbá mi ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà síbẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Àràárọ̀ ni mo máa ń dùbúlẹ̀ láìmira títí agogo á fi dún, bó bá dún tán, màá tún máa retí ìró bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lè máa bá a jà lójoojúmọ́. Mo rò pé iṣẹ́ mi ló máa gbà wá, nítorí kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan ní Rayfield, kọ̀ǹpútà kan sì wà ní ọ́fíìsì ìjọ, nísàlẹ̀ ilé agogo. Iná sólà ló ń lò, wọ́n sì ti so ó mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó kọjú síta. Mo fi fóònù gba ohùn agogo sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá mi ń lù ú. Mo wá kọ fáìlì àṣẹ kékeré kan, ìlà márùn-ún péré, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó gbé ohùn yẹn jáde lẹ́ẹ̀mejìlá. Akọ̀wé ìjọ ti ṣètò kọ̀ǹpútà náà kó máa tan ara rẹ̀ ní aago mẹ́fà. Ohun tó kù ni pé bó bá ti ń tàn, kí fáìlì mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ní iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nínú irú kọ̀ǹpútà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ní gbogbo àṣẹ. Root ni wọ́n ń pè é. Àwa yòókù dà bí ayálégbé: o lè to ẹrù sí yàrá rẹ bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n o kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ògiri. Ọwọ́ akọ̀wé ìjọ ni pásíwọ́ọ̀dù root wà. Àgbàlagbà tó ti ṣe akọ̀wé rélùwéè rí ni, kì í sì í fi nǹkan ṣeré.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fẹ́ fi lò ó.”

“Haba! Kọ̀ǹpútà ìjọ ni, kì í ṣe kọ̀ǹpútà bàbá rẹ. Mo ti fún ọ ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tìrẹ. Ohun tí o bá lè fi ìyẹn ṣe, lọ ṣe é.”

Mo wá ọ̀nà àbáyọ kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ní kí n kọ ọ́ síbí. Ẹlòmíràn ní ibẹ̀ yẹn ti di ti ayé àtijọ́, kí n kọ ọ́ sọ́hùn-ún. Ẹnì kẹta bú àwọn méjèèjì. Bí mo bá kà á dé ìdajì, màá rí i pé àfi kí n jẹ́ root. Orí mi dàrú pátápátá. Nígbà tó yá, mo rí ibì kan nínú yàrá tèmi tí wọ́n ní mo lè fi í sí láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fi í síbẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, mo tẹ orúkọ mi àti pásíwọ́ọ̀dù mi. Agogo dún! Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo sáré lọ sọ fún bàbá mi pé kó máa sùn dáadáa láàárọ̀.

“To, ó dáa,” ni bàbá mi wí.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́fà kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá mi ti wọ bàtà tẹ́lẹ̀. Ó mú òòlù rẹ̀, ó jáde.

Mo yà sí ọ́fíìsì ìjọ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ti tàn, ó kàn ń wò mí ni. Mo tẹ orúkọ mi àti pásíwọ́ọ̀dù mi kí n lè wo ohun tó bà jẹ́, àfi gbàù! Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní aago méje àárọ̀, àwọn èèyàn ń yọjú lójú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún odidi ọjọ́ mẹ́rin. Bí mo bá wà níbẹ̀, á dún. Bí mo bá wà nílé, á dákẹ́. Kò yé mi rárá. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo fẹ̀sùn kan bátìrì sólà. Mo fẹ̀sùn kan òtútù Jos. Ní ọjọ́ karùn-ún, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, mo fẹ̀sùn kan bàbá mi.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń yọ wáyà yẹn?”

“Wáyà wo? Kai! Ìwọ ọmọ yìí, èmi tí mi ò mọ iwájú kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀?”

Ó gbé òòlù rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Ní Sátidé, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí a jọ lọ. Ó jókòó sórí àga ní ọ́fíìsì, òòlù lórí itan rẹ̀. Aago mẹ́fà lù, kọ̀ǹpútà tàn. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ abíyá kí n má bàa fọwọ́ kan nǹkan kan. A ń wò ó, ó ń wò wá.

“Kí ló ń dúró dè?” ni bàbá mi bi mí.

Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀, ni mo bá ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Ó ní kí n tẹ orúkọ mi. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: gbogbo ìgbà tí mo fi ń dán an wò, mo ti kọ́kọ́ wọlé. Fáìlì ayálégbé kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ayálégbé fúnra rẹ̀ á fi wọlé. Èmi ló ń dúró dè látọjọ́ yìí. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Kí n tó yíjú padà, bàbá mi ti wà lórí àtẹ̀gùn. Mo ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí ó fi kọjá ìkẹsàn-án.

Àṣẹ kan ṣoṣo wà tí root lè fún ayálégbé, pé kí nǹkan rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ bí kò tilẹ̀ sí nílé. Mo kọ ọ́ sínú pépà, mo mú un lọ bá akọ̀wé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n kọjú sí ògiri kó tó tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì tẹ àṣẹ náà.

Ní Mọ́ńdè, agogo dún fúnra rẹ̀. Mo sáré lọ sí yàrá bàbá mi. Ó jókòó sétí ibùsùn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́.

“Ta ló lù ú?”

“Kò sẹ́ni tó lù ú, Bàbá. Ó ń dún fúnra rẹ̀ báyìí.”

Ó bọ́ bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ padà.

Inú mi dùn fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, nǹkan tún dàrú mọ́ mi lójú. Bàbá mi kì í dìde mọ́ títí oòrùn á fi mú. Kò fá irùngbọ̀n. Kókó tí mo gbé ka iwájú rẹ̀ tutù síbẹ̀. Mo bi í bóyá ìbàdí ń dùn ún, ó ní rárá. Mo ti gbà á lọ́wọ́ àtẹ̀gùn, kí ló dé tó wá ń ṣe bí ẹni tó ti ṣubú?

Obìnrin Hausa kan wà ní oríta wa tó ń dín kosai, ìyẹn àkàrà, láàárọ̀. Mo lọ rà á, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Ina Baba mai kararrawa?”

Ó ń béèrè ibi tí Bàbá alágogo wà; bí ó ṣe máa ń pe bàbá mi nìyẹn. Ó ní òun ń gbọ́ agogo lójoojúmọ́, òun kò sì rí i kó kọjá kó kí òun. Ó ní òun rò pé ó ti kú ni, pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀, òun kò sì mọ ẹni tí òun lè bi.

Mo ní ó wà nílé. Kosai náà ń jó mi lọ́wọ́, mi ò lè rìn. Mo dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi.

Mo padà sọ́dọ̀ akọ̀wé. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi mú àṣẹ yẹn kúrò.”

“Ṣé orí rẹ pé?”

Mo ṣàlàyé. Mo ní kó ṣí orúkọ fún bàbá mi nínú kọ̀ǹpútà náà, kí n gbé fáìlì mi sí yàrá tirẹ̀, kí agogo máa dúró dè é. Akọ̀wé yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Kò ní kí n kọjú sí ògiri lọ́tẹ̀ yìí.

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ bàbá mi. Fúnra rẹ̀ ló yan pásíwọ́ọ̀dù, kò sì sọ ọ́ fún mi. Ní báyìí, á fá irùngbọ̀n, á kí oníkosai, á jókòó sórí àga nísàlẹ̀, á fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Òòlù wà lábẹ́ ibùsùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago mẹ́fà lù, agogo kò dún. Ìṣẹ́jú kan. Méjì. Mo ti ki ẹsẹ̀ kan bọ sílípáàsì, mò ń wá èkejì lábẹ́ àga, nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo dúró, mo kà á pé méjìlá.

“Ìka yìí ló tóbi jù,” ni bàbá mi wí nígbà tó dé. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣì í tẹ̀.”

Agogo tó lè dún láìsí bàbá mi ni mò ń wá tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bó bá dún, mo mọ̀ pé ó ti débẹ̀, ó ti jókòó, ó sì rántí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó ń gbé omi kókó kaná.